Ìdọ̀bálẹ̀ Létí Omi Ẹlẹ́yẹlé

"Ẹ la ẹnu," ni ilẹ̀kùn wí.

Adéyanjú la ẹnu. Ìmọ́lẹ̀ pupa tín-ín-rín kan jáde lára ilẹ̀kùn, ó wọ inú ọ̀fun rẹ̀, ó yẹ ibẹ̀ wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú kòkò, ó sì padà sáyè rẹ̀.

"Ẹ mí sí mi."

Ó mí sí i. Tagbáratagbára ló mí, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ilẹ̀kùn má lọ sọ pé èémí òun kò tó. Ìdájí ló ti wẹ̀. Bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ ojú ọ̀run tó wọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa yẹ aṣọ rẹ̀ wò.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹlẹ́yẹlé. Etí omi."

"Ta lẹ fẹ́ lọ rí?"

"Ìyá mi."

Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ Adéyanjú, tó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ láti ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, di àwọ̀ ewé.

"Wákàtí méjì lẹ ní. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣubú níta. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ tètè dìde."

"Mi ò ní ṣubú."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ni ilẹ̀kùn wí. Ó sì ṣí.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Adéyanjú, ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ló ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà náà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, ó gbé e padà, ó tún gbé e síta. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń fẹ́ sínú ilé láti ara ògiri, tí kì í rùn, tí kì í ta sánsán. Òórùn ewé tútù wà nínú èyí, òórùn erùpẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnì kan sì ń dín ata níbì kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ó fi apá nù ún, ó kọjú sí ibùdókọ̀.

Òun nìkan ni ọkọ̀ orí okùn gbé láti Mọ́kọ́lá. Ọkọ̀ náà gòkè, ó ń yọ́ lọ lókè ilé àti igi, Ìbàdàn sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Páànù dúdú tí ń mu oòrùn ló bo gbogbo òrùlé, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà bí ìjọ tó ń gbọ́ ìwàásù. Adéyanjú ń wá ìlú tó mọ̀ lábẹ́ wọn. Ó wá igi gúáfà ilé ìwé wọn, kò rí i. Ó rí odò Ògùnpa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìwọ ṣì wà?"

Wọ́n kọ ọ́ sí ara gíláàsì ọkọ̀ náà ní lẹ́tà gàdàgbà: ẸNI TÓ BÁ ṢUBÚ, KÍ Ó DÌDE KÍ A TÓ KA Ẹ̀WÁ. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n kọ ọ́ mọ́. Àrùn tó sé gbogbo ènìyàn mọ́lé kì í mú ni wúkọ́, kì í mú ara gbóná. Ènìyàn á wà lórí ìdúró, á máa rẹ́rìn-ín, á sì lulẹ̀ gbìì. Gbìì náà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá ti lulẹ̀ tí kò dìde, gbogbo ẹni tó yí i ká ló wà nínú ewu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Gbìì ló ń da Adéyanjú láàmú lọ́jọ́ náà. Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Láràárọ̀ ni Ìyá Àwẹ̀ró máa ń sọ̀rọ̀ sí i láti ara ògiri, láti Ilé Àgbà tó wà lápá Ìjókòdó, ohùn náà sì ń dùn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wà. Ohùn ìyá òun kò fìgbà kan dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá òun a máa wúkọ́, a máa pòṣé, a máa bú ènìyàn kó tó kí i. Òótọ́ ni pé ògiri a máa fọ ohùn kó tó gbé e fún ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ní kì í ṣe fífọ̀ nìkan ló ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ bá kú, ògiri á máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí ọkàn ẹni tó kù má bàa dàrú. Adéyanjú kò fẹ́ gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ní gbogbo ọ̀nà náà, ó ń gbàdúrà kan ṣoṣo: kí ìyá òun bú òun lónìí.

* * *

Ọmọbìnrin kan tó dé fìlà òfeefèé ló dúró lẹ́nu géètì etí omi. Bọ́láńlé lorúkọ tó wà láyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há nítorí ariwo tó ti pa láti àárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ n rí ẹ̀gbà yín. Ó ti yá. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbí o."

"Bí mo bá rí ìyá mi ńkọ́?"

"Ẹ juwọ́ sí wọn."

"Kí n juwọ́ sí ìyá mi? Bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró?"

Bọ́láńlé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó na ìka sókè. Ẹ̀rọ kékeré kan ń rábàbà lókè omi, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ń dán, ojú rẹ̀ ńlá méjì ń yí káàkiri. Lámilámi ni gbogbo ìlú ń pè é.

"Ìyẹn ni mo ń bẹ̀rù, bàbá. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti nà sílẹ̀ lójú tirẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn. Lánàá, ní etí omi kejì, ọkùnrin kan rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò mọ ìgbà tó balẹ̀. Kó tó kí wọn 'ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta' tán, lámilámi ti ka ẹ̀wá. Gbogbo èrò padà sílé. Ogójì ọjọ́!"

"Ṣé kò lè fẹnu sọ pé ara òun le ni?"

"Ẹni tí Gbìì mú náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Àfi kéèyàn dìde."

"Ìwọ tó jẹ́ ọ̀gá níbí, o ò lè pàṣẹ fún un?"

"Èmi? Òun ló ń ṣọ́ mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ láti àárọ̀, kò bá wọn wí. Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ máa kó wa sí wàhálà."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Mi ò ní dọ̀bálẹ̀."

Ó sì pinnu bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá rí etí omi náà lọ́jọ́ yẹn, kò ní fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa bà á jẹ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń bú ara wọn lórí ìkòkò kan tí ẹnì kan kò dá padà. Bàbá kan bọ́ bàtà, ó ń rìn lórí koríko lọ, ó ń rìn bọ̀, kò lọ síbì kankan. Obìnrin sísanra kan tó wọ kaba aláràbarà ń sun àgbàdo, ó ń pín in fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ó ní ọdún méjì lòun ti fi ń dáná fún ẹnu kan ṣoṣo, ó ti sú òun.

Adéyanjú jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà. Koríko gún un lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì dára.

Nígbà náà ló rí àga náà tó ń bọ̀.

Àga Ilé Àgbà ni, irú èyí tí ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó ní ọwọ́ rọ́bà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó kéré, ó fi ìró wé ara rẹ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé. Ọ̀nà jíjìn ni Adéyanjú ti mọ irun funfun yẹn. Ó mọ bó ṣe gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú.

"Màámi," ló wí. "Màámi, ẹ káàárọ̀."

Àga dúró. Ìyá Àwẹ̀ró yí etí sí i. Ojú rẹ̀ ti ṣú láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kó gba ojú tuntun, ó ní ojú tóun fi rí ọkọ òun tó òun.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Adéyanjú. Àdìgún yín."

"Hẹn. Ògiri náà ń jẹ́ Àdìgún. Láràárọ̀ ló ń jẹ́ ẹ."

"Màámi, kì í ṣe ògiri. Ẹ gba ọwọ́ mi."

Ẹ̀gbà àwọn méjèèjì jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n lè fọwọ́ kan ara wọn. Ìyá gba ọwọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ó gbóná. Ọwọ́ àga yìí náà gbóná. Òun ló ń fi ìpara pa mí lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́."

"Ẹ ṣeun, màmá," ni àga wí.

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀." Ó tún kọjú sí ibi tí Adéyanjú wà. "Gbọ́, ìwọ yìí. Ìyá Ọ̀jẹ́dèjì wà ní yàrá kejì sí tèmi. Oṣù mọ́kànlá ló fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lára ògiri. Ọmọ ti kú láti oṣù kìíní! Ògiri ló ń dáhùn. Ó ń bá a rẹ́rìn-ín, ó ń bá a ṣe àmín sí àdúrà. Ọjọ́ tí àṣírí tú ni mo ti sọ fún ara mi pé ohùn kì í ṣe ènìyàn mọ́. Ọmọ tó bá wá bá mi, kó ṣe ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣe."

"Kí ni kí n ṣe, Màámi?"

"Ó ń bi mí!" Ìyá pòṣé, ó pọ̀ débi pé inú Adéyanjú dùn láàárín ìdààmú rẹ̀. "Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, o rí ìyá rẹ, o sì nà ró ṣánṣán síwájú mi bí òpó iná. Ọmọ tí mo bí kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ló máa ń dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé kó má dọ̀bálẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rọ kì í rú òfin."

"Ogójì ọjọ́ ni wọ́n máa ti gbogbo ayé mọ́lé o, Màámi. Ẹ wo àwọn ènìyàn yìí..."

"Mi ò ríran. Àga, dá mi padà."

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Adéyanjú wo òkè, ó rí lámilámi. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Bọ́láńlé tó ti fura, tó ń mi orí láti ọ̀nà jíjìn, rárá, rárá, bàbá. Ó wo bàbá tó bọ́ bàtà. Ẹ̀wá péré ni kíkà náà. Láti kékeré, bí òun bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá òun, òun kì í dìde títí tí ìyá á fi ki oríkì òun tán, tí á ní kóun dìde. Àyà ni bàbá òun kọ́ òun pé kó kan ilẹ̀, kì í ṣe orúnkún. Oríkì ìyá òun kì í sì í parí ní ẹ̀wá. Kì í parí ní ọgọ́rùn-ún.

Àga ti kẹ́yìn sí i. Bí ìyá bá lọ báyìí, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù, yóò máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, yóò sì máa kà á sí ohùn òkú.

"Bọ́láńlé!" Adéyanjú kígbe. "Ọmọ mi, bá mi kà á sókè, kí n lè gbọ́!"

Ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan koríko.

"Àga, dúró!" ni ìyá wí. Ó ti gbọ́ bí ara ṣe balẹ̀.

Lámilámi já wálẹ̀ bí òkò. "Ẹnì kan ti ṣubú. Ení. Èjì."

Àga yí padà. Ọwọ́ tín-ín-rín kan ń táràrà nínú afẹ́fẹ́, ó wá ẹ̀yìn Adéyanjú, ó rí i, ó sì bà lé e. "Àdìgún," ni ìyá wí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. "Àdìgún ọkọ mi. Ọmọ a-gúnlẹ̀-kílé-kún..."

"Àrún. Ẹ̀fà."

"Bàbá, ẹ̀fà ti pé o! Ẹ dìde!" Bọ́láńlé ń sáré bọ̀.

"Ọmọ bàbá tó nílẹ̀ lápá òkè, tí kò fi apá odò ṣeré..."

"Èje."

Adéyanjú dìde. Lámilámi dákẹ́. Ọwọ́ ìyá sì kù nínú afẹ́fẹ́.

"Ta ló ní kí o dìde?"

"Ẹ má bínú, Màámi." Ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹnì kan ti ṣubú. Ení."

"Níbo ni mo dé?"

"Apá odò lẹ dé, màmá!" ni obìnrin alágbàdo pariwo. Ó ti fi iná sílẹ̀, ó ti sún mọ́ wọn, kò sì dá wá. Gbogbo etí omi ló ti ń kóra jọ. Wọ́n ń bá lámilámi kà á, bí ẹni tó ń gbe orin: ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Bó bá ku díẹ̀, wọ́n á ké, "Ẹ dìde, bàbá!" Adéyanjú á dìde, á mí, á tún lọ sílẹ̀. Ìyá á béèrè ibi tóun dé. Gbogbo wọn á sọ fún un.

Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni kò rọrùn mọ́. Ó fẹ́ dìde ní ẹ̀fà, apá rẹ̀ gbọ̀n, ó padà sórí koríko. Ó fa orúnkún kan sábẹ́ ara rẹ̀. Orúnkún náà dún kàú, bí igi gbígbẹ tí ènìyàn ṣẹ́.

"Èje."

Ẹnikẹ́ni kò kà á mọ́. Bọ́láńlé fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá tó bọ́ bàtà ti gbé bàtà rẹ̀ mọ́ra.

"Kí ló dún yẹn?" ni ìyá béèrè.

"Orúnkún mi ni, Màámi. Kò gbà mọ́."

"Jẹ́ kó tún dún."

Orúnkún kejì dún kàú.

"Ẹ̀jọ."

Ìyá Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti inú rẹ̀ wá, ikọ́ sì wà nínú rẹ̀, ó rí gbágungbàgun. "Orúnkún Láoyè nìyẹn! Orúnkún bàbá ẹ! Mo ní kó máa fi òrí pa á, kò gbọ́. Dìde, ọkọ mi. Dìde kíákíá. Àga, ìwọ aláìmoore, o ò ràn án lọ́wọ́?"

Ó di kọ́là bùbá ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fà á. Ọwọ́ rọ́bà méjì nà síwájú, Adéyanjú sì rọ̀ mọ́ wọn.

"Ẹ̀sán."

Ó dìde. Ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó kún fún koríko, ṣùgbọ́n orí ìdúró ló wà.

Lámilámi yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ó ti dìde," ló wí. "Ara rẹ̀ le." Ó fò padà sókè omi.

Ariwo tó sọ ní etí Ẹlẹ́yẹlé lọ́jọ́ náà, kò jọ pé wọ́n gbọ́ irú rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún méjì. Bọ́láńlé wó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. "Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí. Ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ìyá ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú ọmọ rẹ̀. Ó rí imú, ó rí irùngbọ̀n, ó rí omi tó wà níbẹ̀. "Wọ́n á ṣe ohùn," ló ń sọ. "Wọ́n á ṣe ọwọ́. Ta ló máa jókòó síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí á máa ṣe orúnkún tó bàjẹ́? Ìwọ ni. O ti rù, o ò jẹun dáadáa, aṣọ tí o wọ̀ yìí náà ò bá ọ mu. Ìwọ gan-an ni."

* * *

Àga gbé ìyá dé bèbè, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹsẹ̀ ìyá lè kan omi. Ìyá pariwo pé ó tutù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé òun kúrò níbẹ̀. Adéyanjú jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Obìnrin alágbàdo gbé odidi kan wá fún wọn, ó ní tàwọn òṣèré ni. Adéyanjú ń yín in, ó ń fi hóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ ní méjì méjì, nítorí eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Afẹ́fẹ́ ń ti orí omi wá. Ẹnì kan ń kọrin lẹ́yìn wọn, kò sì mọ ọ̀rọ̀ orin náà tán.

"Gbogbo ohun tí ò ń sọ fún mi lára ògiri," ni ìyá wí, "mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú wọn."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń dáhùn, Màámi?"

"Báwo lèmi ṣe máa dá ẹ̀rọ lóhùn? Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sùn ni. Ta ló mọ ẹni tó ń dá ọ lóhùn?"

Adéyanjú ya ẹnu. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Láràárọ̀. Ó wo omi, ó wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti ikùn títí ó fi di òkúta mú.

"Máa rẹ́rìn-ín. Tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi."

Ó wo ẹ̀gbà. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì, Màámi. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn."

Ó nu ojú. Ó ronú padà sí ọjọ́ náà. "Ó dáa. Lọ́jọ́ náà, mo wà nílé. Mo gbé ẹ̀wà kaná..."

"Dúró ná," ni ìyá wí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ fún àgbàdo mìíràn, ó sì fi ẹ̀yìn ti àga dáadáa. "Ẹ̀wà wo? Pupa ni àbí funfun?"

"Pupa ni, Màámi," ni Adéyanjú wí. "Mo ti ṣà á láti alẹ́."